Iṣu Tí Mo Fi Sílẹ̀ Níwájú Pẹpẹ

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Jọ́ọ̀sì níhìn-ín. Lọ́jọ́ Ìkórè wa, Alága Ìkórè dìde nínú kóòtù dúdú rẹ̀, ó kéde pé nínú gbogbo ìjọ tó wà lókè Ọya, tiwa nìkan ni ẹnikẹ́ni kò ti di ẹlòmíràn sínú. Pé bí Jésù bá sọ̀kalẹ̀ lónìí, ọ̀dọ̀ wa ni yóò ti kọ́kọ́ mu omi. Gbogbo wa ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, ohùn mi sì ròkè.

Ẹ má bínú pé n kò kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún ti ń jẹ́ kí ẹ rìn? Òtútù ìlú yìí ń wọ eegun. Láàárọ̀, kùrukùru a máa bo ilé aládùúgbò mi mọ́ mi lójú. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni mo ti ń ta síléètì àti ìwé nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Ọjà ń rìn bí ìgbín, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Àwọn Háúsá àdúgbò ń kí mi dáadáa. Kò kàn sí ẹni tó lè fi èdè Ìgbómìnà bú mi ni, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí.

Èmi ni wọ́n ní kí n ka Ìhìnrere lọ́jọ́ náà. Iṣu tí mo mú wá ti wà níwájú pẹpẹ. Ibi tí wọ́n yàn fún mi ni ibi tí Olúwa ti wí pé bí o bá mú ọrẹ wá, tí o sì rántí pé arákùnrin rẹ ní ohun kan nínú sí ọ, kí o fi ọrẹ sílẹ̀, kí o kọ́kọ́ lọ bá a làjà. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹsẹ yẹn. Ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.

Ẹ mọ ẹni tó ní ohun kan nínú sí mi. Nígbà tí bàbá wa kú, ẹ̀yin àti Jékọ́ọ̀bù àbúrò mi dúró dè mí títí. Òjò ti ba ojú irin jẹ́ lẹ́yìn Jẹ́bà, rélùwéè kò rìn. Kí n tó sọ̀ ní Ọ̀fà, kí n tó rí lọ́rì dé Ìlá, ẹ ti bo sàréè. Jékọ́ọ̀bù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní Tíṣà, ẹ káàbọ̀ o. Ó ní ẹgba mélòó ni ẹ máa ń na ọmọ tó bá pẹ́ dé? Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Mo gbé àpò mi, mo lọ sùn sílé ọ̀rẹ́. A kò bára wa sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

N kò jẹ̀bi, ìyá mi. Èmi kọ́ ni mo rán òjò. Ṣùgbọ́n mo wá ibi tí ẹsẹ náà ti béèrè ẹni tó jẹ̀bi, n kò rí i.

Ni mo bá pa Bíbélì dé, mo jáde. Àwọn èèyàn rò pé inú ló ń run mí. Ojú ọ̀nà ni mo wà kí n tó rántí bí Ìlá ṣe jìnnà tó. Nígbà tí mo padà, wọ́n ti lu iṣu mi ní gbànjo pẹ̀lú ọrẹ àwọn yòókù. Alága ló rà á. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kejì, ó ní iyán rẹ̀ kò ní kókó.

N kò lè rẹ́rìn-ín sí i. Ohun kan ṣoṣo ló tù mí nínú: inú tó ń bí Jékọ́ọ̀bù kò ní kí Olúwa má pè é ní arákùnrin mi. Ẹ̀yin yóò pẹ́ fún wa, ìyá mi, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ ẹkún ni èmi àti òun yóò tún fojú kanra.

Mo mọ̀ pé òun ló ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí, nítorí òun ló ń kọ tiyín sí mi. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn. Ó máa ń parí rẹ̀ pé ìyá kí mi. Kò kọ ọ́ rí pé òun náà kí mi. Jékọ́ọ̀bù, má fo ibí yìí. Mo ń bọ̀ nílé kí Kérésìmesì tó dé.

Ìyá mi, Ọlọ́run yóò dá yín sí, ẹsẹ̀ yín yóò máa gbé yín dé ilé ìsìn. Ẹ bá mi kí àbúrò bàbá wa ní Ọ̀rà, ẹ kí ìyàwó Jékọ́ọ̀bù àti àwọn ọmọ, ẹ kí gbogbo agbolé. Èmi ni ọmọ yín, Tíṣà, tí yóò wá kanlẹ̀kùn. Jékọ́ọ̀bù, ṣé wàá ṣí i?