Opó Atukọ̀ Kò Fèsì

                                                  Yàrá Kejì, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé Ìfọṣọ.
                                                  Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Ìyá Ìbejì,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́ ilé, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ẹ̀yìn tó ń dun Bàbá Ìbejì ńkọ́, ṣé ó ti rọ̀ díẹ̀? Àwọn ìbejì ńkọ́, àbí wọ́n ṣì ń bá ara wọn jà lórí ẹni tí yóò jókòó sídìí fèrèsé ọkọ̀? Orúnkún Màmá ńkọ́? Mo gbọ́ pé ẹ ti gbé àga wọn sí ibi tí wọ́n ti lè máa wo ojú pópó látàárọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wo ojú abẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kó sinmi kó wo ènìyàn.

Tí ẹ bá bi mí bí mo ṣe wà, n ó ní mo wà. Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe àárẹ̀ àìsùn, nítorí mo sùn dáadáa, mo sì jí pẹ̀lú rẹ̀. Ojú ń ta mí, ẹ̀yìn ń ro mí, búrẹ́dì àti tíì tó ti tutù ni mò ń jẹ nídìí kọ̀ǹpútà. Mo ní kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín dípò kí n sọ ọ́ lórí fóònù, kí Màmá má baà gbọ́ ọ láàbọ̀.

Ẹ rántí pé mo sọ fún yín pé ilé iṣẹ́ wa fẹ́ fi ìwé àtijọ́ kan ṣe géèmù, ìwé Opó Atukọ̀ tí Màmá máa ń kà fún wa lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n bá ti da aṣọ bo máṣìnnì ìránṣọ wọn. Èmi ni ọ̀gá wa ní kí n kọ ọ̀rọ̀ sí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lẹ́nu. Inú mi dùn débi pé mò ń kọrin nínú balùwẹ̀. Ẹ mọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ibi tó ká mi lára. Ọba kó ọmọ opó lọ sógun, ọmọ ò bọ̀. Lẹ́yìn náà, ọba fúnra rẹ̀ dé etí odò pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun, ó ní kí opó tu àwọn sódìkejì, torí opó nìkan ló mọ ibi tí àpáta wà lábẹ́ omi. Opó jókòó sínú ọkọ̀, ó gbé àjẹ̀ lé itan, kò fèsì. Ọba bẹ̀ ẹ́, ọba halẹ̀ mọ́ ọn, kò fèsì, títí ọba fi yí ẹṣin padà.

Ẹ ò sì lè gbàgbé ohun tí Màmá máa ń ṣe tí wọ́n bá dé ojú ìwé yẹn. Wọn á pa ẹnu dé, wọn á máa wò wá. Bí ẹnì kan nínú wa bá rẹ́rìn-ín, tàbí tó họra, tàbí tó béèrè ọ̀rọ̀, wọn á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀: "Ọba dé etí odò." Àfi tí gbogbo wa bá dákẹ́ bí opó ṣe dákẹ́ kí ọba tó lè lọ. Èmi tí ẹ sọ ní Aláròyé, ẹ mọ iye ọjọ́ Ìsinmi tí ọba sùn sétí odò nítorí ẹnu mi. Ìgbà kan wà tí ẹ fi aṣọ ìnujú dí mi lẹ́nu.

Ó dáa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún opó ṣe. Àwọn ayàwòrán ní ó ti dàgbà jù, wọ́n sọ ọ́ di ọmọge. Wọ́n fún un ní apá bíi ti alágbẹ̀dẹ, wọ́n fi yẹtí gbọ̀ọ̀rọ̀ sí i létí, wọ́n fá ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀. Mo bínú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, mo rò ó pé Màmá pàápàá kì í kà á bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Tí oníbàárà bá ti bí wọn nínú lọ́sẹ̀ yẹn, opó á ga, ojú rẹ̀ á le koko. Tí ara wọn bá yá, opó á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Aṣọ ni gbogbo ìyẹn, ènìyàn sì lè pààrọ̀ aṣọ. Ẹyọ ohun kan ni mo bẹ̀ wọ́n fún: kó má ṣáà gbé ọba.

Ọ̀gá wa ní àdá ni kí wọ́n fún un, kó fi pa ọba. Ó ní ẹni tó bá ra géèmù, nǹkan ló fẹ́ tẹ̀, kò sí ẹni tí yóò fi owó ra ìjókòó. Mo wá sọ ti Màmá fún wọn. Mo ní ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń gbá géèmù jẹ́ opó fúnra rẹ̀, kí ọba máa bẹ̀ ẹ́, kó máa halẹ̀ mọ́ ọn, kí ọ̀nà kan ṣoṣo tó lè fi borí jẹ́ pé kó gbé páàdì tó fi ń darí géèmù sílẹ̀, kó má tẹ bọ́tìnnì kankan. Tó bá tẹ èyíkéyìí, kí ọba tún dé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá wa họrí, ó ní kí a dán an wò.

Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbá géèmù kó tó jáde, kí wọ́n lè rí àléébù rẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún. Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò lè fọwọ́ sílẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ọba dé. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, ọba tún dé. Ọ̀kan nínú wọn ń tẹ bọ́tìnnì bí ẹni ń pa iná orí. Níkẹyìn, wọ́n ránṣẹ́ pé géèmù ti há, pé obìnrin inú ọkọ̀ kò dáhùn. Ọ̀kan wà nínú wa tó máa ń tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe, Kíámọ́sá là ń pè é, torí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ sùn. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́ pé ó há, ó tú u.

Ọjọ́ Ajé ni àwọn tí yóò bá wa tà á wá wò ó. Mo wọ bàtà mi tó dáa. Wọ́n pa iná yàrá ńlá, odò jáde lójú ògiri, ọba dé lórí ẹṣin. Mo di àga mú, mò ń wo ọwọ́ àlejò tó mú páàdì dání, mò ń gbàdúrà pé kó gbé e sílẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀ lóòótọ́, omi ló fẹ́ mu. Inú mi ti ń dùn nígbà tí opó gbójú sókè, tó la ẹnu, tó ní, "Ẹ wọlé, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, ìjókòó ṣì wà lẹ́yìn." Kíámọ́sá ti yá ohùn obìnrin kan tó ń kó èrò sọ́kọ̀ ní apá mìíràn nínú géèmù náà. Báyìí ni opó ṣe gbé ọba. Ó tu ú sódìkejì tòun tàwọn ọmọ ogun rẹ̀, orin ń dún lẹ́yìn wọn. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ìtàn ìdáríjì ni, pé ó wọ àwọn lákínyẹmí ara. Ìdáríjì! Mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún.

Nígbà tí mo jáde, Kíámọ́sá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Àǹtí, wọ́n ní ó há ni. Mo rò pé mò ń ràn yín lọ́wọ́ ni." Mi ò rí ìbínú kankan nínú mi tí mo lè fi bá a jà. Mo ní kó lọ jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá wa pè wá jọ. Ó ní àwọn àlejò fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni a ó sì fi í sílẹ̀. Ó ku kí n kọ ọ̀rọ̀ tó dùn tí opó máa fi gba ọba sọ́kọ̀. Ó ní, "Ó yá, kí lo máa ní kó sọ?" Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ mí. Àlàyé ti kún ẹnu mi. Mo ní kí n là á báyìí, ni àárẹ̀ bá mú mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ láti ìgbà yìí wá, ẹ̀yìn etí wọn ló ń bọ́ sí. Mo gbé ọwọ́ lé itan. Mi ò fèsì.

Ó tún bi mí. Ó ní ṣé ara mi ò yá ni. Mi ò fèsì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí àwọn tó kù bá òun bá mi sọ̀rọ̀. Ẹnì kan húkọ́. Ó wá gbaná jẹ. Ó ní ṣé mo mọ iye ènìyàn tó ń wá iṣẹ́ mi níta. Mo mọ̀. Iṣẹ́ yẹn ló ń jẹ́ kí n ní òrùlé lórí, ẹ̀rù sì bà mí dé egungun. Ẹnu ń yún mi bí ọjọ́ tí ẹ fi aṣọ dí i. Mo kàn ń wò ó bí Màmá ṣe máa ń wò wá. Kíámọ́sá tó jókòó tì mí, tó ti fẹ́ bá mi dáhùn, rọra gbé ọwọ́ kúrò lórí tábìlì, òun náà dákẹ́. Nígbà tó pẹ́, ọ̀gá kó ìwé rẹ̀, ó jáde.

Àná ló tó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní òun ti gbìyànjú láti kọ ọ̀rọ̀ náà fúnra òun, pé gbogbo ohun tí òun kọ ló ń dún bí ọ̀rọ̀ kọ̀ńdọ́kítọ̀. Ó ní kí opó máa dákẹ́ lọ, òun á mọ bí òun ṣe máa ṣàlàyé fún àwọn àlejò. Kíámọ́sá ti yọ ohùn tó yá, ó sì ti jẹ́ kí àyà opó máa mí sókè mí sódò, kí ẹnikẹ́ni má tún rò pé ó há. Èmi ni wọ́n gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe géèmù eré ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ ló ń han.

Mi ò mọ̀ bóyá mo borí. Wọ́n ní orúkọ mi ò ní sí lára rẹ̀ tó bá jáde. Mo ti kó ife mi àti aṣọ òtútù mi lọ sí yàrá tuntun, fèrèsé ibẹ̀ kò ṣeé ṣí. Ó rẹ̀ mí, mo fẹ́ wá sílé wá sùn lọ́dọ̀ yín.

Ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì, ẹ ní kí wọ́n yé gbé ohun tó wúwo. Ẹ kí àwọn ìbejì, mi ò gbàgbé bàtà bọ́ọ̀lù wọn. Ẹ jọ̀wọ́, tí ẹ bá ka ìwé yìí tán, ẹ sún mọ́ àga Màmá, ẹ sọ fún wọn pé ọba ti lọ. Wọn á béèrè ẹni tó dákẹ́. Ẹ ní èmi ni. Wọn ò ní gbà yín gbọ́. Ẹ ṣáà bá mi búra fún wọn.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹnu rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ràn,

Aláròyé.