Àsèsílẹ̀ Tó Da Ìlà Búrẹ́dì Rú

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta
Osniel ọmọ mi ti jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀. Kọfí rẹ̀ ti tutù, eṣinṣin ló ń mu ún. Ètò tí yóò máa tọ́jú ìlà ní ilé búrẹ́dì Evaristo ló ń kọ. Bó bá ṣiṣẹ́, Evaristo yóò gbà á síṣẹ́ pátápátá, kò sì ní kúrò ní Holguín, ní Cuba wa níbí. Bí kò bá ṣiṣẹ́ — ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Yaimara ti ń pè é sí Tampa ní Amẹ́ríkà láti Kérésì. Ọmọ méjì ni mo bí. Ọ̀kan ti lọ. Mi ò fẹ́ kí ìkejì náà di ojú inú fóònù.

Ọjọ́rú, 5
Mo bi í pé kí ló ń pẹ́ tó báyìí. Ó ní kì í ṣe òun ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Àwọn kan ti ṣe àwọn ègé sílẹ̀ — bọ́tìnì, fèrèsé, kàlẹ́ńdà, tábìlì tó ń to ara rẹ̀ — òun kàn ń tò wọ́n pọ̀ ni. Mo ní, "Bí ọbẹ̀ inú agolo?" Ó rẹ́rìn-ín. Àsèsílẹ̀ ni màá máa pè é. Tó bá jẹ́ àsèsílẹ̀ lóòótọ́, kí ló dé tí a ò tíì jẹun?

Ọjọ́bọ̀, 6
Wọ́n mú iná lọ. Bátìrì kọ̀ǹpútà yẹn ti kú láti èṣí. Gbogbo orúkọ tó ti tẹ̀ sínú ètò náà láti fi dán an wò, ó pòórá. Àsèsílẹ̀ kì í fi nǹkan pamọ́ fúnra rẹ̀, ẹni tó ń lò ó ni kó lọ kọ apá yẹn. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á yí àwọ̀ ara rẹ̀ padà sí dúdú kí ojú má baà ro ni. Ẹ gbà mí! Nǹkan tó mọ̀ pé ilẹ̀ ń ṣú, kò mọ̀ pé iná ń lọ. Àwọn tó ṣe é kò gbé àdúgbò wa rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Ó tún ku nǹkan. Àsèsílẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí bébà. Osniel ní lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é, kò sẹ́ni tó ń lo bébà mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fi bọ́ọ̀lù aláwọ̀ mèremère síbẹ̀ tó ń yí kiri fún ẹni tó bá ń dúró. Bọ́ọ̀lù!

Ọjọ́ Àìkú, 9
Yaimara pè. "Mima," bí àwọn ọmọ mi ṣe ń pe ìyá wọn nìyẹn, "ẹ jẹ́ kó wá." Ìrẹsì jóná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Ó ní òun ti rí ọ̀nà. Tábìlì tó ń to ara rẹ̀ kò bá ìlà tiwa mu. Àwa, ẹni tó bá dé á béèrè pé ta ló kẹ́yìn, á wo ojú onítọ̀hún dáadáa, á sì lọ jókòó síbi tó wù ú, tàbí kó padà sílé lọ fọṣọ. Àmọ́ Àsèsílẹ̀ ní ohun kan bí igi, tí wọ́n fi ń so orúkọ kan mọ́ òmíràn. Ó wá so oníkálukú mọ́ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ó ń fò sókè bí ọmọdé. "Mima, ó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀! Mi ò kọ nǹkan kan!"
Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́rú, 12
Ọ̀la ni yóò gbé e lọ sílé búrẹ́dì. Mo ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo ní mi ò ní lọ. Mo lọ.
Ó kọ́kọ́ dára. Osniel wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tẹ ẹni tó wà lẹ́yìn ẹni. Nereida aládùúgbò mi ló ṣáájú gbogbo wa, òun àti agbòjò pupa rẹ̀. Gbogbo ìlà so mọ́ Nereida, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan. Búrẹ́dì kò tètè jáde. Ó sú Nereida, ó ní kí wọ́n yọ òun, ọmọ-ọmọ òun ń sunkún nílé. Osniel tẹ bọ́tìnì, ó yọ ọ́.
Gbogbo ìlà pòórá.
Àṣé Àsèsílẹ̀ ń ṣe wá lóore ni! Bí a bá yọ ẹnìkan, ó gbà pé a ò fẹ́ gbogbo ohun tó so mọ́ ọn mọ́, ó bá wa gbá wọn dànù. Kò béèrè. Nílé, ẹni tó kẹ́yìn nìkan ni Osniel máa ń yọ nígbà tó ń dán an wò.
Evaristo jáde, ìyẹ̀fun ní irùngbọ̀n. "Osniel, àwọn èèyàn mi dà?"
"Wọ́n wà níbí, ọ̀gá."
"Nínú nǹkan yìí ńkọ́?"
Bàbá kan ké láti abẹ́ igi pé, "Ó ti kó gbogbo wa lọ sí Miami láìgba ìwé!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ohun ẹ̀rín.
Ẹnìkan ní, "Ta ló wà lẹ́yìn alágbòjò?" "Èmi ni!" "Ta ló wà lẹ́yìn rẹ?" Osniel ò tíì gbójú sókè tí ìlà fi tò padà lẹ́nu wọn. Evaristo ní òun fún un di Mọ́ńdè. Ó pẹ́ tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Kò jẹun. Ó bá Yaimara sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní yàrá, ó tilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Ó ní òun ni yóò fọwọ́ ara òun kọ ọ́: bí ẹnìkan bá kúrò, kí ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ di ẹni tó wà níwájú rẹ̀ mú. Mo ní ṣé ìyẹn náà ò sí níbẹ̀? Pẹ̀lú gbogbo àwọ̀ àti bọ́ọ̀lù yẹn? "Mima, ẹ jọ̀ọ́." Mo lọ bó gbágùúdá mi.

Ọjọ́ Ajé, 17
Ó ṣiṣẹ́! Nereida mọ̀ọ́mọ̀ kúrò, ó tún padà wá, ó tún kúrò — ó ní òun fẹ́ wò ó ni, aláìníṣẹ́ — ìlà kò já. Evaristo bọ Osniel lọ́wọ́, ìyẹ̀fun kún ṣẹ́ẹ̀tì tí mo lọ̀. Kò lọ síbì kankan mọ́. Mo sunkún sórí ẹ̀wà dúdú, mi ò tún fi iyọ̀ sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Yaimara pè. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Kò bínú rárá. Ó ní Osniel ti ní kí òun yọ ọ́ kúrò lórí ìlà àwọn tí òun fẹ́ mú wá sí Tampa.
"Ẹ sì mọ bí a ṣe tò, Mima. Èmi ni mo ṣáájú, Osniel lẹ́yìn mi, ẹ̀yin lẹ́yìn Osniel."
Mo ní, "Kí wá ni?"
"Osniel ti kúrò. Ẹ̀yin ló kàn. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yín."
Mo wo Osniel. Ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Bó ṣe yẹ kó ṣiṣẹ́ nìyẹn, Mima."
Èmi náà sì ni mo ń gbàdúrà pé kó ṣiṣẹ́.
Kọfí rẹ̀ ti tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tún gbé e kaná.