Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Gé Igi Ẹ̀yìn Ilé

Olówó orí mi,

Bí agégi bá dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó fi ayùn kan igi ẹ̀yìn ilé wa. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ pè é, torí igi náà kì í so. Ọlọ́run ló ní ká má tíì gé e!

Ẹ ṣì ń sùn nígbà tí àbúrò yín tó ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà tí wọ́n ti ń tọ́jú ewéko àtijọ́ pè mí. Ó ti fi ẹ̀ka olódòdó tí mo fún un lọ́jọ́ Ìsinmi han àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ńṣe ló ń pariwo lórí fóònù: "Ìyàwó wa, akọ ni! Akọ ni igi yín!" Abo irú rẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lọ́gbà wọn. Láti ayé àwọn baba ńlá wa ló ti ń tanná, kò so rí, torí kò rí akọ. Ó tún ti tanná báyìí. Bí lẹ́búlẹ́bú òdòdó tiwa bá kàn án lónìí, ó lè so, kí irú rẹ̀ má bàa parun.

Mo ti fi aṣọ tútù wé òdòdó, mo ti sáré gbé e lọ sọ́gbà wọn. Ẹ tọ́ ọbẹ̀ wò. Ayọ̀ ò jẹ́ kí n rántí iyọ̀.

Bí agégi bá ń ṣagídí, ẹ jókòó sídìí igi. Àní nínú òwe Olúwa wa, olùtọ́jú ọgbà bẹ̀bẹ̀ fún igi ọ̀pọ̀tọ́ tí kò so, kí wọ́n má tíì gé e. Ẹ sì fá irùngbọ̀n yín o! Àwọn ọ̀gá ọgbà ń bá mi bọ̀ wá wò ó, àwa sì ni ẹbí ọkọ.