Ìdí Tí Mo Fi Gba Mọ́tò Lọ́wọ́ Yín

Atlanta

Ẹ̀gbọ́n mi Ọláníyì,

Mo kí yín, mo kí Aunty Damaris àtàwọn ọmọ. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ara mi sì le. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ fi mọ́tò gbé mi káàkiri àwọn abúlé Faransé yẹn. Oko àjàrà wọn ṣì wà lójú mi.

Ẹ pè mí lólóríkunkun torí pé mo kọ̀ láti dá mọ́tò padà fún yín. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí màlúù tó dúró láàárín ọ̀nà títí mo fi já sítíárìn gbà. Ẹ ní oòrùn ni, bẹ́ẹ̀ òjò ń rọ̀. Nígbà tí Aunty jí lẹ́yìn, mi ò fẹ́ sọ ọ́ níwájú rẹ̀.

Ẹ lọ rí dókítà ojú lọ́sẹ̀ yìí. Tẹ́ ẹ bá kọ̀, màá sọ fún un.

Ọlọ́run á bá wa dá ojú yín sí.

Àbúrò yín,
Israel