Àmì Pupa Tó Wà Lókè Orí Iffah

Kampung Alur Senduk,
Perak.

Mastura, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ṣé ọmọ inú ń ta ọ́ nípàá bó ṣe yẹ? Ọkọ rẹ ńkọ́? Kí Ọlọ́run bá mi ṣọ́ gbogbo yín. Èmi àti Iffah, ọmọ tuntun mi, wà dáadáa, àfi pé ẹ̀rù kì í jẹ́ kí n sinmi.

O ní kí n sọ ohun tí a ń fi kámẹ́rà tó ń rí ooru ṣe nínú ilé. Azmir ọkọ mi ló ń gbé e bọ̀ láti ibi iṣẹ́ wáyà iná rẹ̀. Ohun tó bá gbóná á di pupa tàbí yẹ́lò nínú rẹ̀, ohun tútù á di búlúù. Òun ni mo fi mọ̀ pé ẹnu ìlẹ̀kùn fíríìjì wa kò pa dé dáadáa, tí òtútù ń sá jáde nísàlẹ̀. Mo fi rí ibi tí òjò ti ń wọ ògiri kó tó hàn sójú lásán. Ìgbà tí ìyá ọkọ mi fi òkúta gbígbóná tí wọ́n fi ń tọ́jú ìyálọ́mọ tẹ ikùn mi tán, mo yẹ ara mi wò: ikùn mi yẹ́lò bí ẹyin díndín!

Ṣùgbọ́n Iffah ni mo ń wò jù. Iwájú orí rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, àyà rẹ̀. Mi ò lè wọ ilé ìwẹ̀ kí n má sáré jáde tòun ti ọṣẹ lára láti tún un wò. Màmá ní, "Ìyàwó, ṣé o fẹ́ fi ojú yan ọmọ náà jẹ ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, tí gbogbo àjà tutù, mo gbé kámẹ́rà sókè. Mastura, àmì pupa kan tó tóbi tó àwo wà lára àjà, níbi tí a so aṣọ tó jẹ́ ibùsùn Iffah rọ̀ sí gan-an! Wáyà fáànù sì gba ibẹ̀ kọjá. Mo kígbe pé iná fẹ́ jó ọmọ mi. Azmir sáré pa iná gbogbo ilé. A dúró kí wáyà tutù. Àmì náà ò tutù. Ńṣe ló rìn.

"Wáyà kì í rìn o," ni Azmir wí, ojú rẹ̀ ti yí padà.

Màmá gbé imú sókè. "Ẹ ò gbọ́ òórùn bí ti ewé pandan tí mo fi ń se ìrẹsì ni? Bẹ́ẹ̀ mi ò tíì se ìrẹsì kankan. Ẹtà ló ń rùn bẹ́ẹ̀."

Azmir gun àkàbà, ó ṣí pákó àjà díẹ̀, ó yára pa á dé. Ẹtà abiyamọ ni lóòótọ́, òun pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ojú wọn ò tíì là.

Azmir ní òun máa lé e lójú ẹsẹ̀. Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ìtọ̀ rẹ̀ lè kán sí ọmọ mi lórí. Màmá fọwọ́ lé ìbàdí: "Ta ló ń lé ọlọ́mọ tuntun jáde? Ṣé ẹnikẹ́ni lé ìyàwó tìẹ ni? Ọmọ tiyín ló ṣeé gbé, ẹ gbé e lọ sí pálọ̀."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Ni ẹ̀rù mi bá di méjì: mo ń wo Iffah, mo ń wo àwọn tòkè. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, lẹ́yìn òjò, àmì ńlá náà pòórá. Ìyá ẹtà ti jáde lọ wá oúnjẹ, ó ku àmì ti àwọn ọmọ rẹ̀. Mo gbé Iffah dání, mo ń bẹ̀rù pé òtútù máa mú wọn di búlúù. Wọ́n ṣù pọ̀ mọ́ ara wọn, pupa wọn ò yẹ̀ rárá.

Màmá gba ọmọ àti kámẹ́rà náà lọ́wọ́ mi. "Ẹtà pàápàá ti jáde, ìwọ ò tíì wẹ̀ láti àárọ̀! Òórùn rẹ ti fẹ́ borí tiẹ̀."

Mo lọ wẹ̀. Mo pẹ́ níbẹ̀, Mastura. Mo fọ irun mi pàápàá. Kò sẹ́ni tó pè mí.

Kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Kí ẹkún ọmọ rẹ lágbára débi tí àwọn aládùúgbò á fi máa ráhùn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé girama,
Salwani.

Díẹ̀ ló kù kí n gbàgbé: o bi mí bóyá kámẹ́rà yìí lè rí ọmọ inú rẹ. Kò lè rí i. Awọ ara lóde nìkan ló ń wò. Mo dán an wò nígbà tí Iffah ṣì wà nínú. Ikùn lásán ni mo rí, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni mo ń wò ó.