Bàbá Páìpù àti Fáìlì Tí Wọn Kò Ṣí

Ní ọdún 1949 tí wọ́n bí olóògbé, ìyá tó bí bàbá wọn ṣì wà láàyè, òun gan-an ló wẹ ọmọ náà. Bàbá wọn, bíríkìlà, ṣì ń gun àkàbà. Ìyá wọn tó ń ránṣọ ṣì ń ríran fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Gbogbo wọn ti lọ. Ó ku ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìkan, ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, tó pọ̀n ọ́n dàgbà.

Olóògbé ka ìwé mẹ́fà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pulọ́ńbà lọ́dún 1966. Ó gbéyàwó lọ́dún 1975; ìyàwó rere náà ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Bàbá Páìpù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí páìpù bá ń jò nínú ògiri, òòlù ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń gbé. Òun kì í wó ògiri onílé. Ẹnu páìpù ló máa ń gbà, á ti èyí tó tín-ín-rín bọ inú èyí tó ti jẹrà, omi á sì máa gba inú tuntun lọ. Ọgbọ̀n ọdún ló fi tún ẹ̀rọ omi ilé ìjọsìn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, àyẹ̀wò fi hàn pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ikùn rẹ̀ ti wú, ó lè bẹ́ nígbàkigbà. Ọkàn rẹ̀ kò lágbára, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti gbó. Bí wọ́n bá la ikùn rẹ̀, kò ní jí. Dókítà kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn fáìlì: “Ara rẹ̀ kò gba iṣẹ́ abẹ.” Ó wá ní ọ̀nà mìíràn wà fún irú wọn: wọ́n á gba iṣan itan, wọ́n á ti páìpù aláṣọ kan dé ibi tó wú, ẹ̀jẹ̀ á máa gba inú rẹ̀ lọ.

Olóògbé bú sẹ́rìn-ín. “Dókítà, iṣẹ́ mi lẹ jí kọ́ yìí!”

“Bàbá, ẹ̀yin lọ̀gá wa.”

Dókítà kọ gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì, kó tó fi iṣẹ́ ilé ìwòsàn náà sílẹ̀. Akọ̀wé ojú fèrèsé ka ẹ̀yìn fáìlì nìkan, ó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ti ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ohun tó yẹ kí wọ́n torí rẹ̀ gbà á wọlé ni wọ́n fi tì í síta! Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń tẹ̀pá lọ síbẹ̀.

“Màmá, wọ́n ní kò gba iṣẹ́ abẹ. Kí lẹ tún wá ṣe?”

“Ohun tí mo torí ẹ̀ wá gan-an nìyẹn! Ṣí i kà! Àbí ọwọ́ ń dùn ẹ́ ni?”

“Ẹni tó kàn!” Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Olóògbé fi ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ méje sáyé lọ, àti ẹ̀gbọ́n tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí, ó ń di ẹ̀rọ omi tó ń kán nílé ìdáná ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó di ẹ̀yìn mú, ó rọra jókòó sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti bẹ́. Ẹ má pariwo.”

Kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó dé, ó ti lọ. Ẹ̀rọ omi náà kò kán mọ́. Fáìlì ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Sùn re, àbúrò tí mo pọ̀n dàgbà. Níbi tí o lọ, wọ́n á ṣí ìwé rẹ kà.