Mọ́tò Panápaná Mọ Ilé Mi

Lavonne, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Minneapolis níbẹ̀ yẹn? Ẹlẹ́dàá yóò máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ, ọ̀nà rẹ kò ní dí. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní kí o yéé jẹ oúnjẹ inú páálí. Ẹṣin pupa yẹn ti bímọ, akọ ni, ó sì lágídí bíi tìrẹ.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ o. Mo lọ bèèrè nípa ìdìbò oṣù kọkànlá, obìnrin ọ́fíìsì wo káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀yà wa síwá sẹ́yìn, ó ní kò sí nọ́ńbà ilé lórí ẹ̀, pé òfin tuntun ìpínlẹ̀ sọ pé ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà ilé kò lè dìbò. Mo ní màdáámù, ta ló ní nọ́ńbà ilé ní gbogbo ilẹ̀ wa yìí, tí ẹ̀yà wa ti ń gbé kí òyìnbó tó dé? Ó ní kí n lọ bá àwọn ará 911 tí à ń pè sí pàjáwìrì, àwọn ló ń pín nọ́ńbà.

Mo délé, mo pe 911. Ọkùnrin tó gbé e bi mí pé kí ló ń jó. Mo ní kò sí ohun tó ń jó àfi inú mi, nọ́ńbà ilé ni mo fẹ́. Kò pẹ́ rárá tí mọ́tò panápaná fi dé tòun tariwo, ó kọjá ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, ó yà níbi ọgbà ẹṣin, ó dúró gbọn-in sẹ́nu ọ̀nà mi. Lavonne, wọn ò bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni! Ìyá rẹ fún wọn ní búrẹ́dì dídín, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n wá já ìwé ìtanràn fún mi pé mo fi ìpè ṣeré. Wọ́n kọ ọ́ sórí ẹ̀ gàdàgbà pé ilé aláwọ̀ búlúù, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹṣin.

Marlys tó di lọ́yà, ọmọ Harriet aládùúgbò wa, tó ń bá wa pe ìpínlẹ̀ lẹ́jọ́ lórí òfin yìí, rí ìwé náà, ó fò sókè. Ó ní ẹ̀rí ti dé, mi ò gbọdọ̀ san án. Èmi náà ò kúkú ní in lọ́kàn.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni mo jẹ́rìí ní kóòtù. Lọ́yà ìjọba, ọmọ àná kan tó so táì mọ́rùn, ní kí n sọ ibi tí mò ń gbé gan-an. Mo na ìwé ìtanràn sí i, mo ní ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ẹ kà á. Ó ní ìyẹn kì í ṣe àdírẹ́sì. Inú bí mi! Mo ní ṣé tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbowó ni ilé mi máa ń wà, tí mo bá fẹ́ dìbò ó di àwátì? Mo ní ìyá tó bí mi ti lé ní àádọ́ta ọdún kí ìpínlẹ̀ yìí tó jẹ́ kí ẹ̀yà wa dìbò, kò sì pa ọ̀kan jẹ títí tó fi kú, èmi náà ò ní pa á jẹ. Adájọ́ ní kí n fara balẹ̀. Mo ní ọdún méjìdínláàádọ́rin rèé tí mo ti ń fara balẹ̀.

Wọn ò tíì dájọ́. Kí wọ́n dá a bó ṣe wù wọ́n, lọ́jọ́ ìdìbò màá wà lórí ìlà láàárọ̀ kùtù, èmi àti Harriet àti gbogbo àgbà tí mọ́tò mi bá gbà. Torí náà fi owó epo ránṣẹ́. Má fi sínú fóònù bíi tìjọ́sí o, mo tú fóònù yẹn palẹ̀ pátá, mi ò rí dọ́là kan níbẹ̀.

Ẹlẹ́dàá á gbè ọ́, ọmọ mi. Wàá rí ilé gbé, wàá rọ́mọ bí síbẹ̀, ẹni tó sì wá bá ọ nínú ilé náà kò ní yíjú padà bi ọ́ pé níbo lò ń gbé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ambrose Yellowbank